Búláòsì Ẹlẹ́rìn-ín

Ìlara kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Obìnrin tí à ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò mọ ìgbà tó wọ ilé tirẹ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé ó dé ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó bá ẹlòmíràn nídìí tábìlì rẹ̀, nǹkan kan sì dún ṣàà nínú rẹ̀ bí ìgbà tí omi bá kán sójú áyọ́ọ̀nù tó gbóná.

Kòjóṣọ ni wọ́n ń pè é. Àwọn oníbàárà ló fún un lórúkọ náà, nítorí pé láti ìgbà tó ti ń lọ aṣọ, kò sẹ́ni tó lè sọ pé ó jó òun láṣọ rí. Ẹ bá mi wò ó lẹ́nu iṣẹ́ ná. Yóò tẹ́ ẹ̀wù sílẹ̀, yóò wọ́n omi sí i, yóò gbé áyọ́ọ̀nù sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti fi gbọ́ bó ṣe gbóná tó. Ọrùn ẹ̀wù ni yóò kọ́kọ́ lọ̀, láti etí wá sí àárín kó má baà wú, kó tó kan èjìká, kó tó kan apá. Bí aṣọ bá ti ń nà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, tí òórùn aṣọ mímọ́ ń bá ooru gòkè wá sí imú rẹ̀, ara rẹ̀ á tú pẹ̀sẹ̀. Orin kan á bọ́ sí i lẹ́nu, orin tí kò ní ọ̀rọ̀, tí kò sì rántí ẹni tó kọ́ ọ. Adùn yìí ló gbé e dúró sí ṣọ́ọ̀bù náà, torí pé ọ̀gá ibẹ̀ kọ́ ló lè gbé èèyàn dúró síbì kankan.

Ọ̀gá ńkọ́? Kòtíìtó ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pe òun, lẹ́yìn rẹ̀ ṣá o. Ó ga, ó gbẹ, kì í jókòó. Bó o bá lọ aṣọ títí tó fi ń dán, á gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, á yí i síwá sẹ́yìn, á ní, "Kò tíì tó." Bí inú rẹ̀ bá bàjẹ́, á bi ọ́ bóyá ẹsẹ̀ lo fi lọ̀ ọ́. Òṣìṣẹ́ tó ti sá fún ẹnu rẹ̀ kò níye. Kòjóṣọ kò sá. Bí Ọ̀gá bá ti sọ tirẹ̀ tán, á yíjú sí aṣọ tó wà níwájú rẹ̀, aṣọ náà á sì dá a lóhùn pé ó tó. Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ. Láti ọdún gbọọrọ yẹn wá, etí rẹ̀ ń retí kí ọkùnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, àní lẹ́ẹ̀kan péré.

Ohun kan ṣoṣo tó dà bí ìyìn lọ́wọ́ Ọ̀gá ni tábìlì ojú fèrèsé tó fún un, níbi tí àwọn tó ń kọjá lójú títì ti máa ń dúró wo ọwọ́ rẹ̀. Nídìí tábìlì yìí ló ti wá bá Ẹlẹ́rìn-ín lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, ọmọbìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́, tó ń fi áyọ́ọ̀nù rìn lórí ṣòkòtò bí ẹni ń wá ohun tó sọ nù.

"Ìwọ bọ́ sẹ́yìn," ni Ọ̀gá wí fún Kòjóṣọ. "Ọmọ yìí lójú ẹ̀rín. Ẹ̀rín ló ń pe oníbàárà wọlé, kì í ṣe ojú tó le."

"Ọ̀gá, kò tíì mọ ọrùn ẹ̀wù lọ̀."

"Ṣé ìwọ náà ti mọ̀ ọ́n lọ̀ ni?"

Ẹlẹ́rìn-ín gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn méjèèjì. Kòjóṣọ gbé áyọ́ọ̀nù rẹ̀, ó gba ẹ̀yìn lọ, síbi tí Bàbá Afọṣọ ti ń po omi ọṣẹ, níbi tí kò sí fèrèsé.

*

Tábìlì kọ́ ló dùn ún jù. Ọ̀nà tí Ọ̀gá ń gbà bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ ni. Á bú u, bó ti ń bú gbogbo èèyàn, ọmọ á rẹ́rìn-ín. Á tún bú u, ọmọ á tún rẹ́rìn-ín, ẹnu Ọ̀gá á sì rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Kòjóṣọ gbọ́ tó pè é ní ọmọ mi. Ó lọ aṣọ títí di ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ náà láì mọ aṣọ tó ń lọ̀.

Ó lọ sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń ta okùn àti abẹ́rẹ́ ní igun òpópónà. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ dé ìparí, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹni tí kò mọ aṣọ lọ̀, tí ọkùnrin tó le bí òkúta ń pè lọ́mọ. O wá rò pé ojú lásán ni?"

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Bàbá tó ń tún aago ṣe lẹ́yìn ọgbà ọkọ̀ yẹn. Lọ bá a nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Má sọ pé èmi ni mo rán ẹ."

Ó lọ. Yàrá náà há, ó mọ́ tónítóní, aago sì bo ara ògiri. Kò sí èyí tó bá ìkejì mu. Gbogbo wọn ń sọ ọ̀kan-ò-jọ̀kan, débi pé èèyàn tó bá dúró síbẹ̀ pẹ́ kò ní mọ̀ bóyá ọjọ́ ń lọ ni àbí ó ń padà bọ̀. Atúnaagoṣe kò yọ awò kékeré tó kì bọ ojú rẹ̀ kan. Ojú kejì ló fi wo obìnrin náà.

"Kí lo fẹ́ kó ṣe é?"

"Mi ò fẹ́ kó kú o, Bàbá."

"Ta ló dárúkọ ikú níbí?"

Kòjóṣọ wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ohun tó fẹ́ ti wà nínú rẹ̀ tipẹ́, ó kàn ń tì í lójú láti sọ ọ́ síta ni. "Mo fẹ́ kí iṣẹ́ náà má dùn mọ́ ọn mọ́. Kó sú u. Kó máa lọ aṣọ bí ẹni ń gbé òkúta, títí tí yóò fi kó ẹrù rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀."

Ọkùnrin náà gbé aago tó ń tún ṣe sílẹ̀. "Ìyẹn kéré sí ikú," ni ó wí, "ó tún burú jù ú lọ. Mú aṣọ rẹ̀ kan wá, èyí tó ti wọ̀, tí òógùn ara rẹ̀ wà níbẹ̀. Ibi tí òógùn bá wà ni iṣẹ́ mi ń gbà dé ara ẹni."

*

Òjò ló bá a ṣe é. Ìrọ̀lẹ́ ni, òkùnkùn ń ṣú bọ̀, Ẹlẹ́rìn-ín sì sáré lọ sílé tòun ti ẹ̀wù iṣẹ́ lọ́rùn rẹ̀. Ó gbàgbé búláòsì tó wọ̀ wá sórí ìkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kòjóṣọ ló kù sí ṣọ́ọ̀bù. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí yóò rí i, ó sì fa búláòsì náà bọ inú àpò rẹ̀.

Nígbà tó délé tó gbé e jáde, ojú tì í. Aṣọ funfun ni, ọrùn rẹ̀ ti pọ́n, abẹ́ abíyá rẹ̀ ti dúdú, ó sì rún bí ewé tí wọ́n fi di nǹkan. Ó ká a, kò ká dáadáa. Ó tú u, ó tún ká a. Ṣé báyìí ni yóò gbé aṣọ lọ síwájú bàbá tí yàrá rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀? Bí bàbá bá bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe ńkọ́, tó sì ní òun ń lọ aṣọ?

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ti fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ kan pẹ́ mọ̀ pé ọwọ́ kì í dúró gba àṣẹ. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, omi ti wà nínú bàsíà, ọṣẹ ti ń hó. Ó rọra fọ ọrùn rẹ̀. Ó ṣan án. Ó ri í sínú sítáàṣì, kì í ṣe èyí tó nípọn, nítorí pé aṣọ náà fẹ́lẹ́. Ó sá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná títí ó fi kù díẹ̀ kó gbẹ, ó sì gbé áyọ́ọ̀nù. Ọrùn, èjìká, apá. Òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀ nítorí ooru, ó ń fi apá nù ún, ó sì ń kọrin. Ó pẹ́ tí ó ti lọ aṣọ tó dára tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ká a tán, ó fi ọwọ́ pa á lórí bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ tó sùn lórí.

Lọ́jọ́ kejì, Ẹlẹ́rìn-ín wá bá a lẹ́yìn. "Àǹtí mi, ẹ bá mi rí búláòsì funfun kan? Ìyá mi ló rán an fún mi."

"Búláòsì wo?" ni Kòjóṣọ dáhùn, kò sì gbójú sókè.

*

Atúnaagoṣe gba aṣọ náà, ó gbé e sí imú. Ó wo obìnrin náà fún ìgbà pípẹ́.

"Aṣọ ẹni náà ni?"

"Òun náà ni, Bàbá."

"Ó dáa." Kò bi í ní nǹkan mìíràn. Ó na aṣọ sórí tábìlì láàárín àwọn ẹ̀yà kéékèèké inú aago, ó da ìyẹ̀fun kan sí i láàárín, èyí tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé:

"Iyọ̀ kúrò lára ọbẹ̀, ọbẹ̀ di omi lásán.
Orin kúrò lẹ́nu ẹyẹ, ẹyẹ di ìyẹ́ lásán.
Adùn kúrò lọ́wọ́ oníṣẹ́, iṣẹ́ di ẹrù lásán.
Ẹni tí òógùn rẹ̀ gbẹ sára aṣọ yìí,
mo bu adùn kúrò ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ,
ń kò bù ú fún ajá, ń kò bù ú fún ewúrẹ́;
adùn kì í sùn síta, yóò wá ọwọ́ mìíràn wọ̀."

Gbogbo aago tó wà lára ògiri dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kòjóṣọ kò mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ lè wúwo tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, èyí tó wà lókè ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pẹ̀lú irọ́ tirẹ̀. Bàbá di búláòsì náà sínú aṣọ dúdú, ó ní kó fi í sí ìsàlẹ̀ àpótí tí oòrùn kì í dé, kó má sì tú u.

Lójú ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ó rò pé atẹ́gùn ni.

*

Ó dé ibi iṣẹ́ lówùúrọ̀, ó tẹ́ ẹ̀wù sílẹ̀, ó wọ́n omi, ó bẹ̀rẹ̀. Ohun gbogbo lọ bó ṣe yẹ kó lọ. Aṣọ nà. Ooru gòkè. Ó fa imú, kò gbọ́ òórùn kankan. Ó lọ ẹ̀wù kejì, ó sì lọ òmíràn, kí ó tó ṣàkíyèsí pé òun kò kọrin.

Àfòpiná kan fò wọlé, ó bà sójú áyọ́ọ̀nù rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù náà gbóná, ó ń yọ èéfín lọ́wọ́. Àfòpiná náà kò jó. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń ṣí apá, ó ń pa á dé, bí ẹni tó jókòó sórí òkúta lábẹ́ igi. Bàbá Afọṣọ rí i, ó sì sún sẹ́yìn pẹ̀lú korobá ọṣẹ rẹ̀.

"Kòjóṣọ, kí lo fi ń lọ aṣọ?"

"Áyọ́ọ̀nù ni."

"Mo rí i," ni bàbá wí, ó sì gbé korobá rẹ̀ gba ibòmíràn lọ.

Ní ojú fèrèsé, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Kòjóṣọ gbé orí sókè. Orin tirẹ̀ ni, èyí tí kò ní ọ̀rọ̀, tí kò kọ́ ẹnikẹ́ni rí, ẹnu Ẹlẹ́rìn-ín ló sì ti ń jáde. Ọmọ náà tẹ̀ sórí tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ń bọ̀, kò ṣe bí ẹni ń wá nǹkan mọ́. Kòjóṣọ tẹjú mọ́ ọn pẹ̀lú ìlara. Nígbà tó wolẹ̀, èéfín ti ń jáde lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ti jó ẹ̀wù oníbàárà.

Ọ̀gá dé, ó gbé ẹ̀wù náà síbi ìmọ́lẹ̀, ó wo ojú áyọ́ọ̀nù tó hàn pupa láàárín ẹ̀yìn rẹ̀. Kò pariwo. Ó gbé ẹ̀wù náà sílẹ̀, ó wo Kòjóṣọ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, ó sì kọjá lọ. Ta ni kò ní fẹ́ èébú ju irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn lọ?

"A ó wá orúkọ mìíràn fún ẹ báyìí," ni Bàbá Afọṣọ wí, ó fẹ́ fi í ṣe ẹ̀fẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, iṣẹ́ ń wúwo sí i. Aṣọ fúyẹ́ tí ẹ̀fúùfù lè gbé lọ ń fà á léjìká wálẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ojú fèrèsé, ó sì rí ohun tó yẹ kó ti rí tẹ́lẹ̀. Kí Ọ̀gá tó wọlé lówùúrọ̀, Ẹlẹ́rìn-ín á tú eteetí ìborùn rẹ̀, á yọ nǹkan kékeré kan tó dúdú, á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ orí, á sì wo ilẹ̀kùn pẹ̀lú ẹ̀rín. Ọ̀gá á dé, á bú u dé ìran baba rẹ̀. Ẹ̀rín náà kò ní yẹ̀.

Àṣé òun náà kò sùn, ni Kòjóṣọ wí lọ́kàn rẹ̀. Àṣé ó ti mọ̀, ó sì ti dá a padà.

*

"Ó ní tirẹ̀ lọ́wọ́," ni ó sọ fún Atúnaagoṣe ní ìrọ̀lẹ́. "Bàbá, ẹ fún mi ní èyí tó máa borí ẹ̀."

Bàbá fún un ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti yan nínú nǹkan dúdú kan, ó ní kó gún un mọ́ abẹ́ tábìlì ọmọ náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, nígbà tí Ẹlẹ́rìn-ín jáde lọ ra oúnjẹ, Kòjóṣọ wọ abẹ́ tábìlì ojú fèrèsé, ó sì ti abẹ́rẹ́ náà bọ inú pákó. Abẹ́rẹ́ wọlé wẹ́rẹ́. Ìrora gún un ní àárín àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni pé ibẹ̀ gan-an ló gún un sí. Ó yọ ọ́ kíá, ó sọ ọ́ nù sínú kòtò omi. Ọwọ́ náà kò mọ gbígbóná mọ́ láti ìgbà yẹn. Ó gbé áyọ́ọ̀nù sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbọ́ ọ. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ sún mọ́ ọn, kò gbọ́ nǹkan kan.

Kò dúró de ìrọ̀lẹ́ kó tó padà lọ. Atúnaagoṣe ní kó sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń sọ ọ́, títí tó fi dé ibi aṣọ.

"Dúró níbẹ̀," ni bàbá wí. "Nígbà tó o mú aṣọ yẹn dé ọ̀dọ̀ mi, òórùn ọṣẹ ló ń ta. Mo rò pé bí ọmọ náà ṣe ń wọ aṣọ rẹ̀ nìyẹn. Ta ló fọ̀ ọ́?"

"Èmi ni."

"Ta ló lọ̀ ọ́?"

"Èmi náà ni. Bàbá, ṣé kí n gbé aṣọ rírún wá síwájú yín ni?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́, ọkùnrin náà yọ awò kúrò lójú rẹ̀. Ojú abẹ́ rẹ̀ kéré, ó funfun, ó dà bí ojú ọmọ tuntun. "Iná ń jó ọ lójú nígbà tó ò ń lọ̀ ọ́?"

"Ó gbóná gan-an."

"Òógùn ta ló wá gbẹ sára aṣọ?"

Àwọn aago ń ké. Kòjóṣọ di etí tábìlì mú. Àṣé òun ni òun ti ń bá jà láti ìgbà yìí. Ó wá bú sẹ́kún, ó kúnlẹ̀, ó ní kí bàbá tú u.

"Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀," ni bàbá wí, kì í ṣe pẹ̀lú ìkà. "Èmi kò lè tú u. Omi nìkan ló lè gbé e kúrò, ọwọ́ rẹ kọ́ ni yóò sì fọ̀ ọ́, ọwọ́ ẹni tó ni ín ni. Dá aṣọ náà padà bó ṣe wà. Má rún un, má fi ìdọ̀tí kàn án. Má sì fi ẹnu ara rẹ sọ fún un pé kó fọ̀ ọ́, torí bó o bá sọ ọ́ pẹ́nrẹ́n, ó di tìẹ títí ayé. Aṣọ tó ti sọ nù tipẹ́, ta ni kò ní fọ̀ ọ́ kó tó wọ̀ ọ́? Bó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀ ọ́, adùn rẹ padà sọ́wọ́ rẹ. Ohun tó o ní kó bá a, á sì bá a."

*

Ó gbé búláòsì náà sínú àpò lọ sí ibi iṣẹ́ ní òwúrọ̀ kùtù. Ó fẹ́ gbé e kọ́ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ẹlẹ́rìn-ín ti wà níbẹ̀. Ó jókòó sẹ́yìn, níbi tí Kòjóṣọ ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ń tú eteetí ìborùn rẹ̀.

"Kí ni yẹn?" Kòjóṣọ nàka sí i. "Kí lo máa ń gbé sí orí yẹn láràárọ̀?"

Ọmọ náà kò tijú. Ó nawọ́ sí i. Òwú ni, òwú méjì kéékèèké tí oògùn ti sọ di dúdú.

"Etí ni mo máa ń fi í sí, Àǹtí mi. Ìyá ìyá mi ló sè é fún mi nígbà tí mo sọ pé mò ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́. Ohùn ẹni tó bá ń bú mi nìkan ni kì í jẹ́ kó wọlé. Mo máa ń gbọ́ tiyín. Mo máa ń gbọ́ ti Bàbá Afọṣọ. Bí Ọ̀gá bá ń sọ̀rọ̀, bí ìgbà tí omi ń ṣàn ni." Ó rẹ́rìn-ín. "Kí ni Ọ̀gá tiẹ̀ máa ń sọ?"

Kòjóṣọ jókòó. Ẹ̀rín sì fẹ́ bú jáde lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ìfẹ́ tí Ọ̀gá ní sí ọmọ yìí, nítorí pé ọmọ náà kò gbọ́ ohun tó ń sọ ni.

"Mo ti ń wò yín láti ọjọ́ mélòó kan," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí. "Ara yín ò yá. Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní ọ̀kan. Ká máa lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdajì èébú kò lè pa wá."

Ó fi òwú kan sí i lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó fún Kòjóṣọ ní nǹkan kan rí ní ṣọ́ọ̀bù náà. Nǹkan kan rọ̀ nínú rẹ̀, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, àpò sì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ká ní ọmọ náà dákẹ́ níbẹ̀ ni, bóyá ọ̀rọ̀ ìbá gba ibòmíràn lọ.

"Mo tiẹ̀ fẹ́ sá lọ tẹ́lẹ̀," ni Ẹlẹ́rìn-ín ń wí. "Iṣẹ́ yìí kò yé mi. Àfi bó ṣe di ọjọ́ kan ṣá, mo kàn rí i pé ó ń dùn mọ́ mi. Bí ooru yẹn bá ti ń gòkè wá báyìí. Orin kan tiẹ̀ bọ́ sí mi lẹ́nu, mi ò mọ ibi tí mo ti gbọ́ ọ."

Kòjóṣọ dìde. Ohun tó ti rọ̀ nínú rẹ̀ tún le koko. Ó gba ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kọjá, ó gbé búláòsì náà kọ́ sórí ìkọ́, ó sì lọ tan áyọ́ọ̀nù rẹ̀. Tèmi ni, ni ó ń wí lọ́kàn. Tèmi ni, kó dá a padà.

*

Kò pẹ́ tí igbe ayọ̀ fi dún níwájú. Ẹlẹ́rìn-ín ti rí i. Kòjóṣọ fara ti ògiri, ó ń tẹ́tí sílẹ̀ fún omi. Bàsíà wà níbẹ̀, ọṣẹ wà níbẹ̀, korobá Bàbá Afọṣọ kún dé ẹnu. Fọ̀ ọ́, ni ó ń gbàdúrà láì la ẹnu. Ọmọ yìí, fọ̀ ọ́.

Ẹlẹ́rìn-ín gbé e wá sẹ́yìn lórí ọwọ́ méjèèjì, bí ẹni gbé àwo tó kún. "Àǹtí mi, ẹ wo ọrùn rẹ̀. Ẹ wo èjìká. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mo ti ń fọ aṣọ ẹlòmíràn, mo ti ń lọ ti ẹlòmíràn. Kò sẹ́ni tó lọ aṣọ fún mi rí." Omi dúró sí i lójú. "Ẹ̀yin ni, àbí? Ẹ mú un lọ láti ṣe é fún mi. Èmi ń wá a kiri, mo rò pé olè ni."

"Aṣọ tó ti pẹ́ níta," ni Kòjóṣọ wí. Kò gbọdọ̀ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Eruku."

"Eruku kankan ò sí lára ẹ̀. Kí n wá ti èyí bọ omi? Láéláé. Bó ṣe wà yìí ló máa wà."

Ọ̀gá ti wọlé, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó gba búláòsì náà lọ́wọ́ ọmọ, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó fi ìka kan tọ́ ọrùn rẹ̀ láti etí dé àárín. Bàbá Afọṣọ gbé korobá sílẹ̀.

"Ọwọ́ Kòjóṣọ nìyí," ni Ọ̀gá wí. "Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ̀ ọ́n ni? Láti ìgbà tó ti dé ni mo ti mọ̀ ọ́n. Mò ń bẹ̀rù pé bí mo bá sọ ọ́, yóò gbé ọwọ́ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn." Ó wo obìnrin náà lójú. "Ó tó. Kò sí àfikún. Padà sí tábìlì rẹ. Kí ẹ sì gbé aṣọ yìí sínú dígí ojú fèrèsé, kí gbogbo ayé máa wò ó. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi omi kàn án."

Wọ́n gbé e kọ́ síbẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín pàtẹ́wọ́, ó dì mọ́ Kòjóṣọ, ó sì gba ẹ̀yìn lọ sí tábìlì àìsí-fèrèsé, ó ń kọrin lọ. Àwọn tó ń kọjá lójú títì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Wọ́n ń nàka sí búláòsì, wọ́n ń nàka sí obìnrin tó wà nídìí tábìlì, wọ́n ń mirí.

Kòjóṣọ tẹ́ ẹ̀wù sílẹ̀, ó wọ́n omi sí i. Ó tún ọ̀rọ̀ Ọ̀gá sọ nínú ara rẹ̀, ó tó, ó tó, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò, kò sì gbọ́ adùn kankan lẹ́nu. Ó lọ ọrùn ẹ̀wù náà láti etí wá sí àárín, ó lọ èjìká, ó lọ apá, ó gbé e kọ́, ó sì tẹ́ òmíràn sílẹ̀.